Ta Ló Ń Yáná Lọ́sàn-án Gangan?

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù ọyẹ́, nílùú Ọ̀fà, ilé Alhaja Safiyat bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i lára. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ amúlétutù ilé náà kọ̀ láti tutù o. Ooru gan-an ló ń bì jáde. Ó ń jáde láti ojú ihò tó wà lókè àjà, ó ń bà lé àga, ó ń bà lé Kùránì orí tábìlì, ó ń bà lé Alhaja fúnra rẹ̀ lórí ẹní ìkírun, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì. Kí ó tó sálámà tán, òógùn ti dé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Ta ló ń yáná lọ́sàn-án gangan?" ló bi ògiri.

Ògiri ò dáhùn. Àpótí funfun kékeré tó wà lára ògiri náà ló tan iná aláwọ̀ ọsàn, ó kọ mẹ́tàdínlógún sójú, bíi pé òun ló ni ilé. Mẹ́tàdínlógún. Nínú ilé tí ata tí wọ́n sá sójú fèrèsé ti gbẹ kí ọjọ́ kejì tó pé, àpótí kan jókòó sára ògiri, ó ní òtútù ń mú òun.

Alhaja Safiyat kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ ìgbóná àti òtútù. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó fẹ̀yìntì. Bó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, yóò ti sọ bí ibà náà ṣe tó kí ẹlòmíràn tó rí tẹmómítà yọ nínú ife. Àwọn tó gbẹ̀bí wọn ní Ọ̀fà, àwọn kan ti ń gbé ọmọ-ọmọ báyìí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò ṣì fi ń pè é ní Alhaja Nọ́ọ̀sì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àpótí tí kò ju ike ọṣẹ lọ wá ń bá jiyàn nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

Lukman ló fi àpótí náà ránṣẹ́. Òun ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Alhaja bí, ìlú Kálígárì nílẹ̀ Kánádà ló ń gbé. Nígbà tí Alhaji, bàbá rẹ̀, kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó ní ìyá òun ò ní jìyà ooru mọ́ nínú ilé àtijọ́ tí bàbá fi owó iṣẹ́ rélùwéè kọ́. Ó fi owó sólà ránṣẹ́. Ó fi ẹ̀rọ ńlá ránṣẹ́, èyí tó ń mú ilé tutù, tó sì tún lè mú un gbóná. Ó wá fi àpótí funfun náà tẹ̀ lé e, tí wọn yóò so mọ́ ògiri kí ó lè máa wo bí ilé ṣe gbóná sí, kí ó sì máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ ńlá.

Ògúnrẹ̀mí ló so ó. Bí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù bá dákú láàárín Ọ̀fà sí Ìjàgbò, òun ni wọ́n ń pè. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà lórí àkàbà tí Lukman ń wò ó láti inú fóònù: wáyà pupa síbí, funfun sọ́hùn-ún, èyí tó ní àwọ̀ ewé ni ti fáànù. Ìgbà tí wọ́n rò pé ó ti tán ni wọ́n rí i pé wáyà tó yẹ kó gbé iná wọ inú àpótí kò sí, Ògúnrẹ̀mí tún gun òkè àjà lọ fa òmíràn. Lukman wá jókòó sí Kánádà, ó fi fóònù ṣe ètò ìyókù. Bí ilé bá gbóná kọjá márùndínlọ́gbọ̀n, kí ẹ̀rọ mú un tutù. Bó bá tutù tí kò tó ogún, kí ẹ̀rọ mú un gbóná.

"Bọ̀dá Lukman," ni Ògúnrẹ̀mí wí lọ́jọ́ náà, "kí la fẹ́ fi èyí tó ń yáná ṣe l'Ọ́fà?"

"Bí mo ṣe ṣe ti ilé mi níbí nìyẹn," ni Lukman dáhùn. "Fóònù kan náà ni mo fi ń wo ilé méjèèjì. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ó sì fi nọ́ńbà mẹ́rin tì í pa, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lukman ò wo ilé. Ilé tirẹ̀ tí yìnyín dí ojú ọ̀nà rẹ̀ pa ló wò, tó fi sọ ti ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ọwọ́ ta ló sì fẹ́ ba àpótí jẹ́? Ṣebí Alhaja nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń tì í pa fún.

Èyí tó tilẹ̀ ń dun Alhaja jù kì í ṣe ooru. Kí àpótí tó dé, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni Lukman ń pè é. Wọn á sọ̀rọ̀ títí, á bi í nípa orúnkún rẹ̀, á bi í nípa ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Láti ìgbà tí àpótí ti dé, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù: "Mummy, mo rí i pé ilé yín wà ní mẹ́rìnlélógún. Alhamdulillah." Ilé ló ń kí. Orúnkún Alhaja ò sí lójú àpótí, nítorí náà orúnkún Alhaja ò sí mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ wá dé tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ooru, Alhaja fúnra rẹ̀ ló pè é.

"Lukman, nǹkan rẹ ti ń ya wèrè. Ó ń fẹ́ iná sí mi lára lọ́sàn-án, kò ní pẹ́, á tún yí padà, á máa fẹ́ yìnyín."

"Mummy, mo ń rí i lórí fóònù mi. Sẹfintíìn ni pálọ̀ yín wà báyìí. Òtútù ń mú lọ́dọ̀ yín."

"Kò mú. Mo ń làágùn."

"Mummy, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ṣé ẹ ń lo oògùn ìfúnpá yín déédéé? Bóyá ara yín ló gbóná. Mo tiẹ̀ ti gbé ooru yẹn sókè díẹ̀ sí i, kí òtútù má baà wọ̀ yín lára."

Ó gbé e sókè. Obìnrin ń sọ pé òun ń jóná, ọmọ rẹ̀ ń koná mọ́ ọn, ó sì pè é ní ìtọ́jú. Alhaja wo fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà mẹ́ta ló ránṣẹ́ pe Ògúnrẹ̀mí. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá sì ń bọ̀, Alhaja á tún ilé ṣe bó ti máa ń ṣe fún àlejò. Á gbálẹ̀, á nu tábìlì, á kó gbogbo ohun tí kò yẹ kí àlejò rí kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri. Ògúnrẹ̀mí á dé, á ṣí àpótí, á fọwọ́ kan wáyà kọ̀ọ̀kan, á gun òkè àjà, á sọ̀ kalẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Àpótí á máa ṣe jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó mọ̀ pé bàbá òun wà nílé, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á sì bá ilé mu. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó wá, ó pe Lukman níwájú Alhaja, ó ní, "Bọ̀dá, kò síbi tó ń ṣe é." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ó lọ jẹ́rìí ta ko Alhaja ní kóòtù.

Nígbà tó di ọjọ́rú, Hikmat pè láti Ìlọrin. Hikmat ni àbíkẹ́yìn Alhaja, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Mummy mi, èmi àti Bọ̀dá Lukman ti sọ̀rọ̀. Màá wá gbé yín ní Sátidé. Dókítà kan wà níbí tó mọ̀ nípa àwọn àgbàlagbà, tó bá ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan gbóná tí kò gbóná, tàbí tí wọ́n ń gbàgbé nǹkan. Ẹ sì lè dúró lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ẹ̀. Ká ti ilé yẹn pa fúngbà díẹ̀."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló gún Alhaja, ohùn tó fi sọ ọ́ ni. Ohùn jẹ́jẹ́, ohùn dídùn, ohùn tí nọ́ọ̀sì fi ń bá arúgbó tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ sọ̀rọ̀. Alhaja mọ ohùn náà dáadáa. Ó ti lò ó fún àìmọye èèyàn. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò lò ó fún òun, tí orí òun pé, nítorí pé ike ọṣẹ kan lára ògiri ní òtútù ń mú.

Inú bí i débi pé kò lè jẹun alẹ́. Wọ́n fẹ́ mú un kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé dókítà pé kò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù mọ́, òun Safiyat.

Ilẹ̀ ọjọ́bọ̀ mọ́, ó pe Ògúnrẹ̀mí. "Má kó irinṣẹ́ kankan wá. Wá jókòó. Aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ kì í hàn níwájú dókítà, jíjókòó tì í ni oògùn rẹ̀. Títí tó fi máa ṣe é lójú ẹ lo máa fi jókòó."

Ògúnrẹ̀mí dé ní aago kan, ó jókòó sórí àga. Alhaja ló gbẹ̀bí rẹ̀, kò lè sọ pé òun níṣẹ́ níbòmíràn. Wọ́n wo àpótí, àpótí náà wò wọ́n. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá. Ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù jẹ́jẹ́, nọ́ńbà ò kúrò ní márùndínlọ́gbọ̀n. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Alhaja. Ó bá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kírun.

Ó wọ balùwẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó sì fi táwẹ̀lì nu ojú, ó nu apá, ó nu ẹsẹ̀ jáde. Ó na ọwọ́ sí ògiri bó ṣe máa ń nà án láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó fi táwẹ̀lì kọ́, ó dojú kọ gábàsì. Kò wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ta ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀?

Ògúnrẹ̀mí la ẹnu, ó tún pa á dé. Wọn kì í dá ẹni tó ń kírun dúró.

Alhaja ti kírun tán, ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, nígbà tí òkè àjà hó. Ooru dà sílẹ̀. Kí Ọlọ́run foríjì í, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí iye ilẹ̀kẹ̀ tó ti kà mọ́.

"Ṣé o rí i? Ṣé ojú ẹ náà ló ṣe? Ṣé wèrè ló ń ṣe mí?"

Ògúnrẹ̀mí ò dìde. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà tí kò bá ara aláìsàn mu, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá wo ibi tí tẹmómítà wà," ni Alhaja dáhùn wéré. "Àwọn kan á mu tíì gbígbóná kí wọ́n tó fi há ẹnu, kí dókítà lè ní kí wọ́n lọ sinmi nílé. Mo mọ gbogbo wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí ti Bọ̀dá Lukman wà."

Alhaja yíjú. Táwẹ̀lì àlùwàlá rẹ̀ ló rí, ó tutù rin, ó bo orí àti ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ojú tó ń kọ nọ́ńbà nìkan ló yọ. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti ojú fèrèsé, ó ń gbẹ omi ara táwẹ̀lì náà, bẹ́ẹ̀ náà ni táwẹ̀lì ń tutù sí i. Bí ìyá tó ní ọmọ oníbà nílé bá fi aṣọ tútù lé ọmọ rẹ̀ níwájú orí, ibà á lọ sílẹ̀. Alhaja ló kọ́ àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùndínlógójì. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ló ti ń fi aṣọ tútù lé àpótí níwájú orí, tó sì ń bínú pé ara rẹ̀ tutù.

Ó fa táwẹ̀lì náà yọ. Wọ́n jọ dúró, wọ́n ń wò ó. Mẹ́tàdínlógún di ogún, ogún di mẹ́rìnlélógún, ó kọjá ọgbọ̀n. Iná aláwọ̀ ọsàn kú. Kò pẹ́, atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀.

Ojú tì í, kí a má purọ́. Ó jókòó sórí ẹní, ó fi táwẹ̀lì sórí itan, kò lè wo ojú ọmọ tí òun gbẹ̀bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń wo ògiri náà ni ìbínú mìíràn dé, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ògúnrẹ̀mí, ìṣó mi dà?"

"Ìṣó wo, Alhaja?"

"Ìṣó kan wà níbẹ̀ yẹn. Alhaji ló kàn án fún mi lọ́dún tá a kó wọlé, kí n lè máa fi táwẹ̀lì kọ́. Ta ló yọ ọ́?"

Ògúnrẹ̀mí dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Alhaja. Bọ̀dá Lukman ní ibẹ̀ ni kí n so àpótí mọ́. Mi ò mọ̀ pé ìṣó náà ń ṣiṣẹ́."

"O ò bi mí. Òun náà ò bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ẹ má bínú. Alhaja, tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè sọ fún bọ̀dá pé wáyà kan ló tú, mo sì ti so ó. Ọ̀rọ̀ táwẹ̀lì ò ní jáde lẹ́nu mi."

Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn ni. Alhaja rò ó wò, ó tó bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló mi orí. "Mi ò kọ nọ́ńbà irọ́ sínú ìwé aláìsàn rí. Mi ò sì ní fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ bo ojú ara mi. Bá mi pè é."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa ní Kánádà. Lukman gbé fóònù, ohùn oorun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Alhaja sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́, láti orí ìṣó títí dé orí táwẹ̀lì. Lukman bú sẹ́rìn-ín.

"Má rẹ́rìn-ín," ni Alhaja wí.

Ẹ̀rín náà dákẹ́.

"Ẹ̀rọ ẹ ò purọ́, Lukman. Mo gbà. Èmi náà ò purọ́. Ẹlẹ́rìí méjì lo ní nínú ilé yìí, èyí tó o fi owó rà lo gbà gbọ́, o wá fẹ́ gbé èyí tó bí ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní mò ń làágùn. O wo fóònù, o ní mi ò làágùn. Ká ní aláìsàn ni mí, ká ní ìwọ ni nọ́ọ̀sì mi, ṣé o mọ̀ pé o ti pa mí?"

"Mummy, ẹ má bínú. Mo rò pé..."

"O ò rò. O wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìwọ ojú àpótí lo ń wò. Nọ́ńbà wo lo fi tì í pa?"

"Ọjọ́ ìbí mi ni, Mummy. Ọjọ́ àti oṣù."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ tí mo fi odindi òru rọbí ẹ. Ìyẹn lo mú, lo fi tì mí mọ́ ìta."

Alhaja dìde, ó rìn lọ síbi àpótí, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣí. Ògúnrẹ̀mí fi ibi tí ó ti lè pa ti ooru hàn án, ó pa á.

"Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́," ni Lukman wí nínú fóònù, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Fóònù mi á máa ké tí ibẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ogún lọ. Tó bá ké, èmi á kọ́kọ́ pè yín. Màá sì máa pè yín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ bíi tàtijọ́. Mo ṣèlérí."

Ní Sátidé, Hikmat dé pẹ̀lú mọ́tò. Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gèlè lórí, abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Alhaja fún un ní oúnjẹ, ó fún un ní ata gbígbẹ tí yóò mú lọ sílé, ó sì bi í bóyá dókítà Ìlọrin yẹn máa ń wo àwọn ọmọ tí kì í gbọ́rọ̀ sí ìyá wọn lẹ́nu. Hikmat wo ilẹ̀. Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, òun nìkan ló wa mọ́tò rẹ̀ padà.

Ògúnrẹ̀mí kan ìṣó tuntun sára ògiri kejì, ó jìnnà sí àpótí dáadáa. Alhaja fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́nà ibẹ̀.

Lukman pè ní Jímọ̀ọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Ó pè ní èkejì, ó ní òun ń kánjú. Ní ẹ̀kẹta, Alhaja kírun Jímọ̀ọ̀ tán, ó jókòó sẹ́bàá fóònù títí aago mẹ́rin fi lù. Fóònù náà dún lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló wọlé: "Mummy, mo rí i pé ilé yín wà ní mẹ́rìnlélógún. Alhamdulillah."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú táwẹ̀lì kúrò lórí ìṣó tuntun, ó lọ rẹ ẹ́ sómi nídìí ẹ̀rọ omi, ó fún un díẹ̀, ó sì fi kọ́ orí àpótí. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń dúró.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí fóònù fi dún.

"Mummy, táwẹ̀lì yẹn ti tún wà lórí ẹ̀ o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀," ni Alhaja Nọ́ọ̀sì wí. "Wá ibì kan jókòó sí, Lukman. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn mí láti ọjọ́ Ajé."